Bí Igi Bá Wó Lu Igi: Irú Igi Wo Ni Ká Kọ́kọ́ Gbà Là?

Ọ̀rọ̀ wa tòní kì í ṣe ti ajílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti oògùn kòkòrò. Ọ̀rọ̀ àwọn igi tó ń pòórá nílẹ̀ wa ni. Àwọn àgbà ní bí igi bá wó lu igi, ti òkè là á kọ́kọ́ gbé. Igi tí ewu wà lórí wọn pọ̀, ṣùgbọ́n owó, ilẹ̀ àti agbára tí a ní láti fi tọ́jú wọn kò pọ̀. Nítorí náà, èwo ni ti òkè? Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé nìyẹn.

ÀṢÌṢE TÍ ÈMI FÚNRA MI ṢE

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan lágbègbè Ọdẹ́dá fẹ́ ṣán igbó kan tó ti sinmi fún ìgbà pípẹ́, kí wọ́n lè gbin ẹ̀gẹ́ síbẹ̀. Wọ́n ní kí n bá wọn yan igi 10 tí wọn yóò fi sílẹ̀ láìgé. Owó pákó nìkan ni mo fi ṣe ìwọ̀n. Mo ní kí wọ́n fi ìrókò 3, ọ̀gànwó 4, ìjẹ̀bò 2 àti arère 1 sílẹ̀. Igi òro arúgbó kan wà níbẹ̀, irú èyí tí a ń rí àpọ̀n nínú kóró rẹ̀. Mo ní kí wọ́n gé e, torí pé àwọn onípákó kò béèrè rẹ̀, òjìji rẹ̀ sì máa bo ẹ̀gẹ́ mọ́lẹ̀.

Lọ́dún kejì tí mo padà débẹ̀, ìyá àgbà kan pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, “Ọ̀gá, igi tí ẹ ní kí wọ́n gé yẹn, òun nìkan ló kù láti ibí dé odò. Abẹ́ rẹ̀ ni mo ti ń ṣa àpọ̀n láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ. Ní báyìí, owó la fi ń rà á lọ́jà.” N kò rí èsì fọ̀. Igi 10 ni mo gbà là lóòótọ́, ṣùgbọ́n agboolé igi mélòó ló wà nínú wọn? Mẹ́ta péré ni. Èyí tó dá wà, tí kò ní ẹbí nítòsí, òun gan-an ni mo pa.

IGI NÁÀ NÍ AGBOOLÉ

Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá kó dé abẹ́ Òkè Olúmọ ní 1830, oríṣiríṣi ìlú ló jọ wá: Aké, Ìjẹmọ, Kémta, Ìtòkò, Ìgbórè àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Títí di òní, orúkọ wọn kò parẹ́. Ká wá ní ìlú kan ní 1,000 ènìyàn, òmíràn sì ku ẹnì kan ṣoṣo. Bí ẹnì kan bá kú nínú 1,000 yẹn, a ó sunkún, ṣùgbọ́n orúkọ ìlú náà ṣì wà. Bí ẹnì kan ṣoṣo ti ìlú kejì bá kú, orúkọ, oríkì, ìtàn àti ọgbọ́n ìlú náà bá a lọ. Òkú kan náà ni, ṣùgbọ́n àdánù wọn kì í ṣe ọgbọọgba.

Bákan náà ni ti ewéko. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni wọ́n ti ń pín yà bí ẹ̀ka igi ti ń yà lára ìtì. Ẹ̀ka kan lè ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ, òmíràn lè ku ọmọ kan tàbí méjì péré. Ohun tí ìran ń gbé fún ìran nínú ewé, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní DNA, dà bí oríkì orílẹ̀ tí kò ṣeé pa rẹ́. Òun ni wọ́n ń kà láti mọ ẹni tí ó bá ẹni tan. Ẹ wo díẹ̀ nínú agboolé tí àgbẹ̀ mọ̀ dáadáa:

1. Ilá, òwú, ewédú, kòkó, obì, arère, oṣè àti àràbà, agboolé kan ni gbogbo wọn. Ẹni tó bá ti wo òdòdó ilá àti ti òwú pọ̀ kò ní jiyàn. Láti 1998 ni àwọn onímọ̀ ewéko ti kó gbogbo wọn pọ̀ sí ìdílé kan.

2. Ìrókò, afọ̀n, òpòtó, ọdán àti èépín, ẹbí ni wọ́n. Ẹ sá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ́bẹ, ẹ ó rí oje tí ń jáde lára wọn.

3. Ọ̀gànwó, ìjẹ̀bò àti dongoyárò, agboolé kan náà ni.

4. Ìdígbó, àfàrà àti igi fúrúùtù tí a ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ níwájú ilé, ọmọ ìyá ni wọ́n.

5. Igi òro ní tirẹ̀ kò ní ẹbí púpọ̀. Gbogbo irú igi tó wà nínú ìdílé rẹ̀ káàkiri ayé kò tó 20. Ilẹ̀ Áfíríkà ni ọ̀pọ̀ wọn wà, ìyókù wà ní Éṣíà.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ìwé lásán ni. Àwọn tó bá jẹ́ ẹbí máa ń pín àrùn. Kòkòrò Hypsipyla tó ń wọ orí ọ̀gànwó, tí kì í jẹ́ kó ga gbọọrọ, ìjẹ̀bò náà kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àrùn tó ń mú ẹ̀ka kòkó wú máa ń fara pamọ́ sára àràbà àti àwọn irú obì inú igbó kan. Nítorí náà, bí gbogbo igi tí a fi sílẹ̀ bá jẹ́ ti agboolé kan, àjàkálẹ̀ kan ṣoṣo lè kó gbogbo wọn lọ. Ẹ rántí Gmelina tí wọ́n gbìn lọ salalu sí Igbó Ọmọ ní Ìjẹ̀bú nítorí ilé iṣẹ́ bébà Ìwópìn. Igi náà pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n irú kan ṣoṣo ni, láti ilẹ̀ Éṣíà ló sì ti wá. Ẹni tó bá ka igi á ní igbó wà. Ẹni tó bá ka agboolé á mọ̀ pé ilé ti ń dahoro.

BÍ ÀWỌN ONÍMỌ̀ ṢE Ń YAN

Ní 1992, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Daniel Faith ní Ọsirélíà dá àbá pé kí a má ṣe máa ka iye irú ohun abẹ̀mí nìkan. Ó ní kí a wọn gígùn ẹ̀ka ìran tí wọ́n jọ dúró fún. Irú mẹ́ta tó wá láti ẹ̀ka mẹ́ta tó jìnnà síra lè ṣọ́ ìtàn ayé ju irú mẹ́wàá tó jẹ́ ọmọ ìyá lọ.

Ní 2007, ẹgbẹ́ onímọ̀ nípa ẹranko ní Lọ́ńdọ̀nù bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n pè ní EDGE. Ìbéèrè méjì ni wọ́n ń bi ara wọn lórí ohun abẹ̀mí kọ̀ọ̀kan: Báwo ló ṣe dá wà tó nínú ìran rẹ̀? Báwo ni ewu rẹ̀ ṣe pọ̀ tó? Èyí tó bá dá wà, tí ewu rẹ̀ sì pọ̀, òun ni ti òkè. Ẹranko ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ní 2018, wọ́n tẹ irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ jáde fún àwọn igi tí kì í tan òdòdó bí ti àwọn igi yòókù. Ní 2023, wọ́n tún ètò náà ṣe, wọ́n sì fi ohun pàtàkì kan kún un: bí ẹbí igi kan bá wà nínú ewu pẹ̀lú, kí a gbé igi náà sókè sí i, torí pé bí àwọn méjèèjì bá lọ, gbogbo ẹ̀ka náà ló lọ.

Ẹ lè béèrè pé kí ni èrè rẹ̀ fún àgbẹ̀. Ní 2007 kan náà, àwọn onímọ̀ yẹ àwọn ewéko agbègbè Cape ní South Africa wò. Wọ́n rí i pé ibi tí irú ewéko ti pọ̀ jù kọ́ ni agboolé ti pọ̀ jù. Wọ́n tún rí i pé bí a bá yan ewéko káàkiri agboolé, a ó ní oúnjẹ, oògùn àti ohun ìlò oríṣiríṣi lọ́wọ́ ju bí a bá yàn wọ́n ní ọ̀nà mìíràn lọ. A kò mọ ohun tí ọmọ wa yóò nílò lọ́la. Ohun tí a lè ṣe ni pé ká má ṣe ti ilẹ̀kùn ilé kankan pa mọ́ wọn lójú.

ÀPẸẸRẸ MÉJÌ LÁTI ILẸ̀ ÁFÍRÍKÀ

Èkíní ni igi kan tó dà bí ọ̀pẹ kékeré, ṣùgbọ́n tí kì í ṣe ọ̀pẹ. Orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ ni Encephalartos barteri. Ó wà ní ilẹ̀ ọ̀dàn apá ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, ó sì wà ní Benin, Togo àti Ghana. Ìdílé tó ti wá ti wà láyé kí igi tó ń tan òdòdó tó yọjú, òun náà ló sì wà nínú ewu jù nínú àwọn ìdílé ewéko ńláńlá tí wọ́n ti yẹ̀ wò tán. Akọ rẹ̀ ọ̀tọ̀, abo rẹ̀ ọ̀tọ̀. Ní South Africa, wọ́n rí irú kan nínú ẹbí rẹ̀ ní 1895, Encephalartos woodii. Akọ nìkan ni wọ́n rí. Láti ìgbà náà títí di òní, wọn kò rí abo kankan. Ọmọ tí wọ́n yọ lára ìtì rẹ̀ ni wọ́n ń gbìn kiri nínú ọgbà, ṣùgbọ́n kò lè fi èso ara rẹ̀ bímọ. Ó wà láàyè, ṣùgbọ́n ilé rẹ̀ ti dahoro.

Èkejì ni ewé òkàzì tí àwọn ará ìlà-oòrùn máa ń sè lọ́bẹ̀, tí àwọn Efik ń pè ní afang. Ẹ lè rí i lọ́jà wa pẹ̀lú. Ó jọ ewé lásán, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹbí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tàbí ti ewúro rárá. Inú ìran àwọn ewéko àtijọ́ tí kì í tan òdòdó bíi ti yòókù ló ti wá. Inú igbó ni wọ́n ti ń já a, ọ̀pọ̀ ló sì ń fa okùn rẹ̀ tu pátápátá. Bí ó bá tán nínú igbó, kì í ṣe ọbẹ̀ nìkan la pàdánù.

EWU TÓ WÀ NÍWÁJÚ WA

Àkọsílẹ̀ kan lórí àwọn igi àgbáyé tó jáde ní 2021 sọ pé nǹkan bí irú igi 17,500 ló wà nínú ewu àtiparẹ́. Ìyẹn jẹ́ 30 nínú 100. Orógbó, ìdígbó àti ọ̀gànwó ti wọ ìwé ewu tipẹ́. Ní oṣù November 2022, àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò pé ẹni tó bá fẹ́ ta pákó apá tàbí ti ọ̀gànwó ilẹ̀ Áfíríkà sí òkè òkun gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ pàtàkì. Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gé igi lóru kò ka ìwé yẹn. Àgbẹ̀ tó wà nítòsí igi ni olùṣọ́ rẹ̀ tòótọ́.

Ẹlòmíràn lè ní, “Ṣé wọn kò lè kó èso wọn pamọ́ fún wa ni?” Ilé ìpamọ́ irúgbìn wà ní Ìbàdàn, èyí tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní Moor Plantation àti ti IITA. Wọ́n ń ṣe iṣẹ́ tó dára lórí àgbàdo, ẹ̀wà àti àwọn irúgbìn tó ṣeé sá gbẹ. Ṣùgbọ́n obì, orógbó àti kòkó kì í gbà bẹ́ẹ̀. Bí èso wọn bá gbẹ, ó kú nìyẹn. Igi tó dúró nílẹ̀ ni báǹkì wọn.

Ẹ FI ÌṢIRÒ KÉKERÉ YÌÍ DÁN AN WÒ

Àwọn onímọ̀ ń fi mílíọ̀nù ọdún ṣe ìṣirò tiwọn. Èyí tí mo kọ sílẹ̀ yìí jẹ́ àpèjúwe tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lè lò lórí ilẹ̀ wọn.

Àmì ewu: 1, ó pọ̀ káàkiri, 2, ó ti ń wọ́n, 3, agbára káká la fi ń rí i.
Àmì ìdáwà: 1, ẹbí rẹ̀ pọ̀ nílẹ̀ wa, 2, ẹbí rẹ̀ kò pọ̀, 3, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá wà.

Ẹ sọ àmì méjèèjì di púpọ̀. Ká mú igbó Ọdẹ́dá tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan:

Òpòtó: ewu 1, ìdáwà 1. Àpapọ̀ 1.
Ìrókò: ewu 3, ìdáwà 1. Àpapọ̀ 3.
Ọ̀gànwó: ewu 3. Ìdáwà rẹ̀ ì bá jẹ́ 1, ṣùgbọ́n ìjẹ̀bò tó jẹ́ ẹbí rẹ̀ náà wà nínú ewu, nítorí náà a fún un ní 2. Àpapọ̀ 6.
Igi òro: ewu 3 lórí ilẹ̀ náà, torí ẹyọ kan ló kù, ìdáwà 3. Àpapọ̀ 9.

Ẹ rí i pé igi tí mo fi sí ìsàlẹ̀ pátápátá nínú ìwé owó pákó, òun ló bọ́ sí òkè pátápátá. Èyí kò sọ pé kí ẹ gé ìrókò o! Ohun tó ń sọ ni pé bí ẹ bá ti fi ìrókò àti ọ̀gànwó tó sílẹ̀, kí ẹ má ṣe fi gbogbo àyè tó kù fún àwọn ọmọ ìyá wọn. Ẹ wo agboolé tí ẹnì kan kò tíì ṣojú fún. Owó pákó ní àyè tirẹ̀ nínú ìjíròrò ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n kó má ṣe dá ẹjọ́ náà nìkan.

OHUN TÓ YẸ KÍ Ẹ ṢE

1. Kí ẹ tó ṣán igbó, ẹ rìn ín já. Ẹ mú ọdẹ, ìyá àgbà àti ẹlẹ́wé ọmọ kan dání. Ẹ kọ orúkọ igi kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ àti iye rẹ̀.

2. Igi tí ẹ kò bá mọ ìdílé rẹ̀, ẹ já ẹ̀ka kékeré tó ní ewé, àti òdòdó tàbí èso bí ó bá wà. Ẹ tẹ́ ẹ sáàárín ìwé ìròyìn kó gbẹ. Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ igbó, tàbí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ igbó ní Yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà lọ́nà Àlàbátà, tàbí ilé ìwádìí igbó FRIN ní Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ń kó ewé gbígbẹ pamọ́ fún irú iṣẹ́ yìí.

3. Ẹ má ṣe fi ẹyọ kan sílẹ̀ fún igi tó ní akọ àti abo. Ìrókò dà bí ìbẹ́pẹ: akọ rẹ̀ kì í so. Òdòdó akọ gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ń rọ̀ wálẹ̀. Ti abo kúrú, ó sì ki. Ẹ fi méjèèjì sílẹ̀.

4. Bí ẹ bá fẹ́ gbin ìrókò, ẹ má ṣe gbìn ín ní òun nìkan lọ lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Kòkòrò Phytolyma yóò mú ewé àti orí rẹ̀ wú, yóò sì kú. Ẹ gbìn ín káàkiri láàárín igi mìíràn, níbi tí òjìji díẹ̀ wà.

5. Ẹ ṣọ́ iná. Igbó ìjọba ní Olókeméjì, láàárín Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn, wà lára àwọn tó pẹ́ jù ní Nàìjíríà. Ní 1929, àwọn òṣìṣẹ́ igbó bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan níbẹ̀. Wọ́n ń fi iná sun apá kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀, wọ́n ń sun apá kejì ní ìparí ọ̀gbẹlẹ̀, wọn kò jẹ́ kí iná kan apá kẹta rárá. Nígbà tó pẹ́, apá tí iná kò kàn di igbó. Apá tí wọ́n ń sun ní ìparí ọ̀gbẹlẹ̀, nígbà tí koríko ti gbẹ furúfurú, di ọ̀dàn. Ilẹ̀ kan náà ni o, iná ló yà wọ́n. Nítorí náà, kí ọ̀gbẹlẹ̀ tó mú, ẹ ro ìdí igi tí ẹ fi sílẹ̀ mọ́ yíká.

6. Ẹ kọ orúkọ igi tí ẹ yàn sínú ìwé ẹgbẹ́, kí akọ̀wé kà á sétígbọ̀ọ́ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́. Igi tí kò sí nínú ìwé, alágbẹ̀dá ẹ̀rọ lè rà á lọ́wọ́ ẹnì kan lóru kí ilẹ̀ tó mọ́.

FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍNÚ ÌPÀDÉ ẸGBẸ́

Igi wo ló pọ̀ nílẹ̀ yín nígbà èwe yín tí ẹ kì í rí mọ́? Igi wo ló ku ẹyọ kan tàbí méjì péré? Ta ló ń lò ó, ṣé a sì ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni náà kí a tó dá ẹjọ́ igi ọ̀hún?

Ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn ni kí ẹ má ṣe fò. Ká ní mo bi ìyá àgbà yẹn lọ́jọ́ tí a ń sàmì sí igi ni, igi òro náà ì bá ṣì wà nílẹ̀. Mo ti gbin ọmọ òro mẹ́ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ odò abúlé náà pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Méjì yè. Ìyá náà ní òun kò retí pé òun yóò ṣa àpọ̀n lábẹ́ wọn, ṣùgbọ́n òun ló ń ro ìdí wọn lọ́dọọdún.